SS3 ti dé, àdímíṣàn ńkọ́, sikọ́láṣíìpù ńkọ́?

Màmá kan láti Igbógbó, ní Ìkòròdú, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́, mo kàn gé e kúrú ni. Ọmọ wọn obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ SS3, sáyẹ́ǹsì ló ń ṣe, nọ́ọ̀sì ló lóun fẹ́ kọ́. Àbúrò ọkọ wọn tó wà ní Houston, l'Amẹ́ríkà, ń pè lemọ́lemọ́ pé kí ọmọ náà yáa bẹ̀rẹ̀ community service (iṣẹ́ àdúgbò) kíákíá, pé òun ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fúnni ní sikọ́láṣíìpù. Bàbá ọmọ ní tiwọn ní kó lọ kọ́ṣẹ́, torí àdímíṣàn lè má tètè jáde. Màmá fúnra wọn ń ta èlò ọbẹ̀ lọ́jà Sábó, wọ́n ní owó tó wà nílẹ̀ ò ju ti fọ́ọ̀mù àti lẹ́sìn lọ, èwo làwọn máa kọ́kọ́ gbájú mọ́ nínú gbogbo ẹ̀?

Màmá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ máa jèrè ẹ̀ o. Iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀ ni mò ń ṣe nílé ìwé, irú ọ̀rọ̀ yìí ló sì máa ń kún ọ́fíìsì mi tí táàmù àkọ́kọ́ SS3 bá ti wọlé. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú àwọn tó ń dá sí i nílé yín. Àbúrò ọkọ yín ò parọ́, bàbá ọmọ náà ò parọ́, ohun tó dà á rú ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ohun tí wọ́n ń sọ ló ní àsìkò tiẹ̀, ẹ wá fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ lé ọmọ lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Sikọ́láṣíìpù Amẹ́ríkà, ìgbà tọ́mọ bá ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdírì ni wọ́n ti ń dù ú, torí ilé ìwé tó máa gbà á gan-an ló sábà máa ń fúnni lówó ọ̀hún, òun àti àdímíṣàn ló jọ ń jáde. Tiwa níbí ò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú sikọ́láṣíìpù Nàìjíríà, wọn ò ní wojú ọmọ SS3 rárá, àfi kó ti wọlé, kó ti gba nọ́ńbà mátíríìkì, òmíì á ní kó ti ṣe ọdún kan tàbí méjì káwọn kọ́kọ́ rí CGPA ẹ̀, ìyẹn àpapọ̀ máàkì ẹ̀ ní yunifásítì. Ọmọ tó bá fẹ́ gba sikọ́láṣíìpù nílé yìí, iṣẹ́ tiẹ̀ ní SS3 ni kó wọlé, kó sì wọlé láìsí àbùkù kankan nínú ìwé ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó lè má dùn-ún gbọ́ bíi ti Houston, ṣùgbọ́n ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣubú, ọmọ tó mọ̀wé dáadáa pàápàá.

Lálẹ́ òní, ẹ kó ìwé ìbí ọmọ náà jáde, ẹ kó NIN ẹ̀ jáde, lọ́la kó béèrè nílé ìwé bí wọ́n ṣe kọ orúkọ tí wọ́n fẹ́ fi forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ fún WAEC. Ẹ tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, kẹ́ ẹ kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ṣé Olúwaṣeun ni wọ́n kọ síbì kan tí wọ́n wá kọ Ṣeun síbòmíì? Ṣé orúkọ àárín wà nínú NIN tí WAEC ò ní in? Ọjọ́ ìbí ńkọ́, ṣé ó bára mu? JAMB ò béèrè orúkọ lọ́wọ́ ọmọ mọ́ o, inú NIN ló ti ń fa orúkọ àti ọjọ́ ìbí jáde fúnra ẹ̀, ọmọ á fi NIN ránṣẹ́ sí 55019 látorí fóònù, wọ́n á dá profile code padà fún un, ìyẹn nọ́ńbà tó máa fi ra fọ́ọ̀mù JAMB, orúkọ tó bá sì jáde níbẹ̀ náà ló máa bá a rìn títí dọ́jọ́ tó bá gba sẹ́tífíkéètì. Tí àṣìṣe bá wà, ìsinsìnyí ló rọrùn. Ti WAEC, ilé ìwé lè tún un ṣe kí wọ́n tó ti ìforúkọsílẹ̀ pa. Ti NIN, NIMC ló ń ṣe é, ọjọ́ ìbí ló sì le jù níbẹ̀ torí wọ́n máa gba ìwé National Population Commission lọ́wọ́ yín, owó tó ń ná ni náà kì í ṣe kékeré. Àwọn òbí kan fi ọdún kún ọjọ́ orí ọmọ nígbà tí wọ́n fẹ́ mú un wọ JSS1, ìwé méjì wá ń bára wọn jà ní SS3. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ pé ó rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ tètè sọ ọ́ fún kánsẹ́lọ̀ ilé ìwé, wọn ò ní nà yín. Ọdún 16 ni wọ́n ń wò fún wíwọlé báyìí, ọ̀rọ̀ ọdún 18 tí mínísítà ètò ẹ̀kọ́ gbé dé lọ́dún 2024, ẹni tó gbapò ẹ̀ ti wọ́gi lé e.

Nǹkan kan tún wà tó jọ nǹkan kékeré, tó sì ń pa ọmọ lẹ́kún. Nọ́ńbà fóònù tí wọ́n máa fi gba profile code yẹn, kó jẹ́ ti ọmọ náà tàbí tiyín, kì í ṣe ti bọ̀dá tó ni káfé. Ímeèlì náà bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n fún ní àdímíṣàn lórí CAPS, ìyẹn ibi tí JAMB ti ń fi àdímíṣàn hàn, tí ò sì rí ojú ẹ̀ títí àsìkò fi kọjá torí ímeèlì tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíì tó ti kó ṣọ́ọ̀bù kúrò. Kó ṣí ímeèlì tiẹ̀ fúnra ẹ̀, kó kọ pásíwọ̀dù sínú ìwé tẹ́ ẹ jọ mọ ibi tó wà, kó má fún ẹnikẹ́ni.

Ó kan ìdánwò. Fún nọ́ọ̀sì, sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó máa jókòó fún ní JAMB ni English, Biology, Chemistry àti Physics, nínú WAEC ó gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn pẹ̀lú Maths, àwọn ilé ìwé kan ò sì ní gba nọ́ọ̀sì tó fi ìjókòó méjì, ìyẹn èsì ìdánwò méjì, kó o jọ. Ẹ máa wò ó pé UTME, ìyẹn ìdánwò JAMB, ìbéèrè 180 ni láàárín wákàtí méjì, 60 nínú ẹ̀ jẹ́ English, 40-40 ni àwọn mẹ́ta tó kù. Tẹ́ ẹ bá pín in, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló ní fún ìbéèrè kan. Ọmọ tó mọ Chemistry àmọ́ tó ń lo ìṣẹ́jú méjì lórí ìbéèrè kan, kò ní parí ẹ̀. Ohun tó ń kọ́ èèyàn ní èyí ni kó máa jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kó fi ìbéèrè àtẹ̀yìnwá ṣeré pẹ̀lú aago, kì í ṣe kó máa kà á nínú ìwé nìkan. Tí máòsì bá ń ṣe é wúyẹ́wúyẹ́ lọ́wọ́, ẹ sọ fún un pé bọ́tìnì mẹ́jọ péré ti tó láti fi ṣe JAMB: A, B, C, D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà, S láti parí kó fi ìdáhùn ránṣẹ́ (submit), R láti yí ọkàn padà tó bá ti fẹ́ fi ránṣẹ́. Ẹlòmíì ò mọ èyí rí títí ó fi jókòó.

Tó bá jẹ́ ilé ìwé ìjọba ni ọmọ yín wà, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ló ń san owó WAEC fún àwọn ọmọ SS3 tiwọn, kẹ́ni kankan má gba owó yẹn lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀mejì. Mo máa fẹ́ kẹ́ ẹ fi owó tó bá ṣẹ́ kù sílẹ̀ fún NECO, torí WAEC tó bá gbọ̀n díẹ̀, NECO á gbé e ró láàárín ọdún kan náà, ẹ ò ní dúró dọdún tó ń bọ̀.

Wọ́n á wá bá yín nípa mírákù sẹ́ńtà. Dájúdájú wọ́n á wá. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ láìfi bò: ẹ má lọ. Kì í ṣe torí pé WAEC lè dá èsì sẹ́ńtà náà dúró tàbí kó fagi lé e nìkan o, ìyẹn ń ṣẹlẹ̀, àmọ́ ohun tó dùn mí jù ni pé ọmọ tí wọ́n kọ ìdáhùn sójú pátákó fún ní Biology, ó máa bá Anatomy pàdé ní 100 level sí 200 level, kò sì ní sí pátákó níbẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ọmọ yín fẹ́ ṣe, ẹ̀mí èèyàn ni wọ́n máa kó sí i lọ́wọ́.

Nípa ilé ìwé tó máa yàn, ẹ ronú lórí ọ̀nà àti ilé gbígbé kẹ́ ẹ tó ronú lórí orúkọ ńlá. Nọ́ọ̀sì UNILAG, Ìdí-Àràbà ni, ti LASU sì wà ní Ìkẹjà, láti Igbógbó ẹ mọ ohun tí Mile 12 máa ń fojú èèyàn rí láàárọ̀, ọmọ tó bá ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́ á máa sùn ní kíláàsì ni, torí náà ẹ ṣírò owó họ́sítẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì ìjọba Èkó tún wà ní Ìgàndò, mi ò mọ ìdí táwọn òbí fi ń fojú kéré ẹ̀, nọ́ọ̀sì tó jáde níbẹ̀, ìdánwò ìwé àṣẹ Nursing and Midwifery Council kan náà ló ń ṣe pẹ̀lú ti yunifásítì. Àyè mẹ́rin ni JAMB fún ọmọ láti yan ilé ìwé, ẹ má jẹ́ kó fi ọ̀kan sílẹ̀ lófìfo, ẹ sì má fi UNILAG sí àyè kejì, ẹni tó bá fi wọ́n ṣe àkọ́kọ́ ni wọ́n ń wò. Ìdíje nọ́ọ̀sì pọ̀ gan-an, torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ pé kí ọmọ ní kọ́ọ̀sì mìíràn tó lè fayọ̀ ṣe, kì í ṣe èyí tó máa fi sunkún. LASUSTECH wà nítòsí yín ní Ìkòròdú níbí, Pólí tẹ́lẹ̀ ni, ọdún 2022 ni wọ́n sọ ọ́ di yunifásítì. Ọdún yẹn náà ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ di LASUED, ó wà ní Ọ̀tọ̀-Ìjànikin, ó tún wà ní Nofórìjà l'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń kà á láti Ẹ̀pẹ́, ẹnjiníà LASU wà lọ́dọ̀ yín, àwọn ará Àgbádárìgì, LASUED àti LASU Òjó wà lójú títì yín. Ilé ìwé tọ́mọ ti lè máa wá jẹun nílé, sikọ́láṣíìpù ńlá nìyẹn fúnra ẹ̀, tí ò sì ní fọ́ọ̀mù kankan.

Tí èsì WAEC bá jáde, kó gbé e sórí JAMB lọ́jọ́ kan náà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi pẹ́ńsù kọ èyí sára ògiri. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí máàkì ẹ̀ pé ni ilé ìwé ò rí láti fún ní àdímíṣàn torí èsì WAEC ò sí lórí JAMB, ó rò pé JAMB àti WAEC á bára wọn sọ̀rọ̀. Tí àdímíṣàn bá sì jáde, kó wọ CAPS kó tẹ ẹ́ pé òun gbà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì gbà nìyẹn.

Ó yá, sikọ́láṣíìpù ilé yìí. Tó bá ti wọlé, ohun àkọ́kọ́ tó wà ní gbangba ni NELFUND, ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ ni o, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Òfin tó gbé e dúró báyìí, oṣù kẹrin ọdún 2024 ni Ààrẹ buwọ́ lù ú, wọ́n sì ṣí pọ́tà ẹ̀ lóṣù karùn-ún. Wọ́n á san owó ilé ìwé tààrà fún ilé ìwé, ọmọ tó bá fẹ́ owó ìgbọ́bùkátà náà á máa gba ₦20,000 lóṣooṣù. Kò ní èlé. Ọdún méjì lẹ́yìn tó bá parí NYSC ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ẹ̀. Ilé ìwé ìjọba nìkan ni, ti àdáni ò sí níbẹ̀. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ń béèrè: NIN, BVN, nọ́ńbà JAMB, nọ́ńbà mátíríìkì. Orúkọ tí ò bá bára mu láàárín wọn, ibẹ̀ ló ti máa há, ẹ rí ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ ka orúkọ yẹn ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́sárì àti sikọ́láṣíìpù tí Lagos State Scholarship Board ń fún àwọn ọmọ tó ti wà ní ilé ìwé gíga, ti bọ́sárì jẹ́ ti ọmọ bíbí Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ ti máa gba ìwé ọmọ onílùú láti ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀ tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọmọ Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, ẹ má dúró dìgbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Ti MTN Foundation, ọmọ 300 level tó ń ṣe sáyẹ́ǹsì àti tẹkinọ́lọ́jì nílé ìwé ìjọba ni wọ́n ń wò, CGPA 3.5 sókè. Wọ́n ò bi í léèrè ohun tó gbà ní JAMB. Ohun tó ṣe ní 100 level ló máa gbé e débẹ̀ tàbí kó dá a dúró, ẹ wá wo àwọn ọmọ tó fi gbogbo agbára sá eré JAMB tán tí wọ́n wá jókòó gbafẹ́ ní 100 level. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ lórí èyí kó tó kúrò nílé.

Sikọ́láṣíìpù tó bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sanwó, olè ni. Mi ò ní ọ̀rọ̀ méjì lórí ẹ̀, líǹkì yòówù kí wọ́n gbé wá sórí WhatsApp.

Ká wá sọ ti Amẹ́ríkà, torí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé mò ń ti ọ̀rọ̀ àbúrò ọkọ yín sápá kan. Yunifásítì tó pọ̀ níbẹ̀ ń lo fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní Common App, ó máa ń ṣí lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹjọ, àwọn kan á gba fọ́ọ̀mù dópin lọ́jọ́ kìíní oṣù kọkànlá, àwọn tó kù sábà máa ń jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní. Nínú fọ́ọ̀mù yẹn, ọmọ lè kọ ohun mẹ́wàá tó ń ṣe lẹ́yìn ìwé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 150 lọ, wọ́n á béèrè wákàtí mélòó lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó lọ́dún. Ìkọ̀wé kan tún wà tí ò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 650 lọ. Community service wà lára ohun mẹ́wàá yẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ará ilé òkèèrè kì í sábà sọ fún wa ni pé àyè wà níbẹ̀ fún iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún, àyè tún wà fún iṣẹ́ inú ẹbí. Màmá, ọmọ tó ń bá yín kó ata àti tòmátì jáde láàárọ̀ Sátidé, tó ń ka owó, tó ń tọ́jú àbúrò ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá wà lọ́jà, nǹkan tí wọ́n fẹ́ kà nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kó tijú ẹ̀. Kò dìgbà tó bá wọ aṣọ funfun tó gba báálù lọ sí Abùjá.

Owó ńkọ́? FAFSA tí àbúrò ọkọ yín máa dárúkọ, ìyẹn fọ́ọ̀mù ìrànlọ́wọ́ owó ìjọba Amẹ́ríkà, ọmọ Amẹ́ríkà àti àwọn tó ní ìwé ìgbélùú tó bófin mu níbẹ̀ ló wà fún, kì í ṣe fún ọmọ tó ń ti Ìkòròdú lọ. Fún ọmọ òkèèrè, CSS Profile ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé ń lò láti mọ bí owó ilé yín ṣe mọ. Àwọn tí kì í wo àpò òbí ọmọ òkèèrè kí wọ́n tó gbà á, tí wọ́n sì máa ń dí gbogbo ohun tó bá kù, irú Harvard, Yale, Princeton, MIT, Amherst àti Dartmouth ni, ẹnu ọ̀nà wọn sì tóóró gan-an. Ọmọ tó bá ní físà akẹ́kọ̀ọ́, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni wọ́n gbà kó fi ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ilé ìwé nígbà tí táàmù bá ń lọ, owó yẹn ò lè san owó ilé ìwé láéláé, ẹni tó bá sọ fún yín pé á máa fi iṣẹ́ sanwó ẹ̀ ti ṣì yín lọ́nà. Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ gbìyànjú ẹ̀, EducationUSA wà nínú kọ́ńsúléètì Amẹ́ríkà ní Victoria Island, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń sọ, wọ́n sì ti ní ètò kan rí tí wọ́n ń pè ní Opportunity Funds tó máa ń bá ọmọ tó já fáfá, tí òbí ẹ̀ ò lówó, san owó SAT (ìdánwò ìwọlé yunifásítì Amẹ́ríkà) àti owó fọ́ọ̀mù, ẹ béèrè bóyá ó ṣì ń lọ. Òfin físà ń yí padà, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó náwó kankan.

Èrò tèmi rèé, ẹ lè má gbà á: SS3 tó ti bẹ̀rẹ̀ yìí ti pẹ́ jù fún Amẹ́ríkà lọ́dún yìí pẹ̀lú WAEC àti JAMB lórí kan náà. Nọ́ọ̀sì jẹ́ iṣẹ́ téèyàn lè kọ́ níbí, kó gba ìwé àṣẹ níbí, kó wá ṣe NCLEX, ìdánwò ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà, tó bá ń lọ síbẹ̀ nígbà tó bá yá. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe fún ọ̀nà Amẹ́ríkà báyìí ò ju pé kẹ́ ẹ tọ́jú ìwé èsì táàmù láti SS1, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ilé ìwé, torí wọ́n máa béèrè ẹ̀ lọ́jọ́ kan, bóyá fún dígírì kejì pàápàá.

Nísinsìnyí, iṣẹ́ àdúgbò. Mo fẹ́ kí ọmọ yín ṣe é, kódà tí Amẹ́ríkà ò bá sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. JAMB ò fún un ní máàkì kankan, òótọ́ ni. Àmọ́ ọmọ ọdún 16 tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì tí ò tíì jókòó ti aláìsàn rí, báwo ló ṣe mọ̀ pé òun fẹ́ ẹ? Ẹ mú un lọ sí PHC, ilé ìwòsàn kékeré ìjọba, ní àdúgbò yín, kẹ́ ẹ bá mátírọ̀n sọ̀rọ̀ fúnra yín, kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ kó máa wá ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, kó máa to káàdì, kó máa fi ìyá ọlọ́mọ jókòó, kó bá àwọn àgbàlagbà ka ohun tí wọ́n kọ sára oògùn. Kó má fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ o. Wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀ láti ìsinsìnyí dé oṣù kejì, ó ti tó, kó wá dá a dúró kó kọjú sí ìdánwò. Tí PHC ò bá gbà, Red Cross ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìtọ́jú àkọ́kọ́, tàbí kó kó àwọn ọmọ praimárì mẹ́rin márùn-ún jọ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kó máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kàwé. L'Ágbádárìgì, ọmọ tó gbọ́ Ègùn àti Yorùbá lè jókòó ti àwọn ìyá àgbà nílé ìwòsàn kó máa túmọ̀ fún wọn, kò sẹ́ni tó máa sanwó fún un, ìyá yẹn ò sì ní gbàgbé ẹ̀ láéláé. Ohun tí mi ò fẹ́ ni ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n á kó ọmọ jọ, wọ́n á rán táì-ṣáàtì, wọ́n á ya fọ́tò pẹ̀lú ìgbálẹ̀ nídìí gọ́tà, ó parí. Ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù mọ ìyàtọ̀ ẹ̀. Kó ní ìwé kékeré kan tó máa kọ ọjọ́, wákàtí, ohun tó ṣe, ẹni tó wà lórí ẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù onítọ̀hún, tó bá parí, kí mátírọ̀n fún un ní lẹ́tà tí wọ́n fọwọ́ sí, tí òǹtẹ̀ wà lára ẹ̀. Duke of Edinburgh's International Award náà wà ní Nàìjíríà fún ọ̀dọ́ ọdún 14 sí 24, tí ilé ìwé yín bá ń ṣe é, iṣẹ́ àdúgbò wà lára ohun tí wọ́n ń kà fún un.

Ti bàbá ló kù, mo sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé wọ́n sọ òótọ́, àsìkò ẹ̀ ni ò tíì tó. WAEC á parí ní nǹkan bí oṣù kẹfà, kí yunifásítì tó wọlé lè di ìparí ọdún, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo oṣù yẹn ni iṣẹ́ ọwọ́ wà fún. Tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ báyìí, iṣẹ́ á jẹ lẹ́sìn, lẹ́sìn á jẹ iṣẹ́. Tó bá di ìgbà yẹn, ẹ yan ohun tó lè máa pa owó fún un nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì: irun dídì, aṣọ rírán, ìpápánu, títẹ àsáyínmẹ́ǹtì fún àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó fi lé ọ̀gá lọ́wọ́, ẹ jókòó sọ ọ́ yanjú, oṣù mẹ́fà ni, kì í ṣe ọdún mẹ́ta, ohun tó máa kọ́ láàárín oṣù mẹ́fà rèé, iye tẹ́ ẹ máa san rèé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí i. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ olówó oṣù ni, irú kó máa tajà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì tàbí kó jókòó ti POS, kó máa dé ilé kílẹ̀ tó ṣú, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé kó dúró pa ṣọ́ọ̀bù dé láago mẹ́wàá alẹ́. Ọmọbìnrin ni, ẹ máa gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí wọn ò retí yín.

Owó tó bá pa nígbà yẹn, kẹ́ ẹ má fi kún ọjà o. Acceptance fee ló wà fún. Tí àdímíṣàn bá jáde, ilé ìwé á fún un ní ọjọ́ díẹ̀ kó san án, kí NELFUND tó dá sí i rárá, àwọn òbí tó ti ṣírò owó ilé ìwé tán lèyí máa ń bá lójijì, tí wọ́n á máa sáré kiri lọ́dọ̀ àwọn alájọ. Nínú owó tó wà lọ́wọ́ yín báyìí, fọ́ọ̀mù JAMB ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀, lẹ́yìn náà NECO, lẹ́yìn náà àkókò ìdánrawò lórí kọ̀ǹpútà, lẹ́sìn ló kẹ́yìn, tí tísà ilé ìwé bá sì ń kọ́ wọn dáadáa lẹ́yìn aago ilé ìwé, ẹ lè yọ lẹ́sìn mìíràn kúrò pátápátá.

Tó bá wá ṣẹlẹ̀ pé English tàbí Maths nìkan ló bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó tún gbogbo ẹ̀ jókòó fún, GCE àkọ́kọ́ (WAEC fún àwọn tí ò sí nílé ìwé mọ́) máa ń wáyé níbẹ̀rẹ̀ ọdún, kó forúkọ ohun tó bọ́ sílẹ̀, ilé ìwé tó ń gba ìjókòó méjì á gbà á, ẹ sì wo ilé ìwé tí ẹ yàn dáadáa kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀ torí ohun tí mo sọ nípa nọ́ọ̀sì lókè. Tó bá jẹ́ JAMB ni ò tó, ó lè ṣe ọdún kan JUPEB, ìyẹn ètò ìmúrasílẹ̀ fún yunifásítì, kó fi wọ 200 level, owó ẹ̀ pọ̀ díẹ̀, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà ní ilé ìwé méjì ó kéré tán kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ lè kọ̀wé padà sí mi lẹ́yìn tí wọ́n bá forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ fún WAEC, kẹ́ ẹ sọ bí orúkọ yẹn ṣe jáde.